Lẹ́tà sí ìyá alákàrà kan ní Salvador, Bràsíl

Ìyá wa alákàrà,

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹ ò mọ̀ mí. Orí fóònù ni mo ti rí yín níbi tí ẹ ti ń dín àkàrà, aṣọ funfun, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Bí ẹ ṣe fi ṣíbí bu erèé lílọ̀, tí ẹ rọra dà á sínú epo gbígbóná, àfi bíi màmá mi n'Ìbàdàn níbí.

Acarajé lẹ̀ ń pè é. "Àkàrà" àti "jẹ" ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn; àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun ló gbé e dé Bràsíl.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nílé ìwé, wọ́n bi mí níṣẹ́ màmá mi, mo ní tíṣà ni. Èmi tí mo ń bó erèé láago márùn-ún ìdájí, tí òórùn òróró kì í kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi! Owó àkàrà náà la sì fi ń san owó ilé ìwé. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé ní 2005 ìjọba yín kọ iṣẹ́ yín sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè, ẹnu mi wọhò. Nígbà Ife Àgbáyé 2014 náà, òfin FIFA ò fẹ́ kí ẹ tajà nítòsí pápá Fonte Nova. Ẹ fárígá, wọ́n sì gbà fún yín.

Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ kan lọ́dọ̀ yín ti sọ ọ́ di "bolinho de Jesus", ìyẹn àkàrà Jésù, torí pé oúnjẹ Ọya ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Níbí, àtonímàle àtonígbàgbọ́, ògì àti àkàrà la fi ń jí ní Sátidé. Ta ló ń rántí Ọya? Ẹ̀yin ò gbàgbé, ẹ̀ ń bá ara yín jà lórí ẹ̀. Àwa ti gbàgbé, ọkàn wa balẹ̀.

Òróró la fi ń dín tiwa, epo pupa ni tiyín. Ẹ tún ń là á láàárín, kí ẹ ki edé, ọbẹ̀ kíki vatapá àti caruru onílá bọ inú ẹ̀. (Ìyẹn ti fẹ́ pọ̀ jù lójú tèmi o, ẹ má bínú.)

Sátidé tó kọjá, mo ra epo, mo dáná. Èéfín gba gbogbo ilé, ojú ń ta mí. Mo bu mẹ́ta fún màmá mi. Wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n ní, "Báyìí ni ìyá mi ń dín in. Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ní ìyá kan ní Bràsíl ni. Wọ́n ní kí n bu sí i.

Èmi ni,
Ọmọ alákàrà, Ìbàdàn