Bẹ́ńṣì ìta tó ti di aláwọ̀ eérú, ẹ má tíì fi dáná

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n kọ eléyìí, ẹni tó kọ ọ́ ní tí àga onígi tó wà níta bá ti ṣá, kéèyàn yáa ra fáníìṣì kó fi kùn ún kí ọdún tó dé. Ẹ bá mi sọ fún un pé owó ẹlẹ́ẹ̀mejì ló ń rán àwọn èèyàn lọ ná yẹn.

Ní Ifẹ̀ níbí, bẹ́ńṣì ìrókò tàbí ti apá tí bàbá àgbà fi ń gbatẹ́gùn pọ̀ níwájú ilé, láti Ìlọ́dẹ̀ dé Mọ́ọ̀rẹ̀. Oòrùn ló sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, kò túmọ̀ sí pé ó ti jẹrà. Oòrùn á ba ohun tó di ara igi mú lójú òkè jẹ́, òjò á wá ṣàn án lọ, àmọ́ kì í sábà jìn tó mìlímítà kan, igi gidi ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un wò, pàápàá ní oríkèé ẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń kanlẹ̀. Tó bá le, kò sí wàhálà. Tí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni gún ẹ̀kọ, káfíńtà ló kàn. Arère nìkan ni mi ò lè gbèjà ẹ̀, ikán àti òjò kì í jẹ́ kó pẹ́ níta.

Fífọ̀ ẹ̀ niṣẹ́ wà. Omi, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírun, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ bí ìlà igi ṣe lọ. Ẹ má lo wáyà búrọ́ọ̀ṣì o, irin wẹ́wẹ́ á kù sínú igi, tí omi bá kàn án á dípẹtà, ojú igi á wá dúdú tótòtó. Àwọn kan tún máa ń gbé e lọ fáwọn tó ń fọ mọ́tò kí wọ́n fi ẹ̀rọ olómi yẹn tu ú, háà, ṣe ló máa hú ara igi síta! Dúdú tí ìṣó bá fà, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní oxalic acid ló ń mú un kúrò, àmọ́ májèlé ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọmọdé má débẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn ṣe é nígbà tí òjò bá ti lọ. Sáńpépà nọ́ńbà 80, èyí tó le, lẹ máa kọ́kọ́ fi ha á, lẹ́yìn náà 120, èyí tó kúnná. Ẹ bo imú yín, eruku ìrókò máa ń yún èèyàn lára, ẹ bi àwọn káfíńtà.

Fáníìṣì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, inú ilé ló ti ń pẹ́. Níta, igi á wú nígbà òjò, á súnkì nígbà ọyẹ́, fáníìṣì ò lè máa bá a wú kó máa bá a súnkì, á sán, omi á gbabẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́, ló bá di pé ó ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í ha á kúrò kí ẹ tó lè ṣe òmíràn. Linseed oil, epo tí wọ́n ń fún látinú irúgbìn flax, ni tèmi, èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára, torí tútù ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, èbu sì fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ fi àkísà rà á tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí igi ò bá mu, ẹ nù ún kúrò. Tó bá tún ti ń ṣá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un rà. Kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù o! Ta ló fẹ́ fi aṣọ òde jókòó lé ìyẹn?

Àkísà yẹn náà, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ ilé. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ ló ń gbóná fúnra ẹ̀, tí àkísà bá wà lókìtì, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sómi. Kí ẹ sì fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, kó má baà máa fa omi láti ilẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìlọ́dẹ̀, Ilé-Ifẹ̀.