Àkànbí, mo ti tú ojú ètò tí o kọ palẹ̀

Òkèfìà, Òṣogbo.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ń rọ̀ níbí láti àárọ̀, iná sì wà, ni mo bá ní kí n kọ̀wé sí ọ.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a jọ ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláṣọ, mo ti tú ojú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń lò ó ń rí, palẹ̀ kí n lè tún un kọ. XAML, èdè ojú ètò, tí o fọwọ́ ara rẹ kọ kí o tó rìnrìn-àjò, ti WPF, irinṣẹ́ Microsoft, ni, Windows nìkan ló sì mọ̀. Nígbà tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní October 14, 2025, kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lọ́fíìsì wọn kò lè gba Windows 11, torí wọn ò ní TPM 2.0, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè. Àpò ẹgbẹ́ kò sì lè gbé owó kọ̀ǹpútà mẹ́rin tuntun. Mo fi Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, rọ́pò Windows lórí wọn, mo kó ètò wa lọ sórí Avalonia, irinṣẹ́ tó jọ WPF àmọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu náà.

Kóòdù C# tó ń ṣírò èlé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ojú ètò ni iṣẹ́ wà. Àwọn ohun tí a fi ń to nǹkan sójú ètò kò yí orúkọ padà: Grid ṣì ni Grid, StackPanel ṣì ni StackPanel, mo bá rò pé ọ̀sẹ̀ kan á tó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí. Ṣé o rántí trigger, àṣẹ inú XAML wa tó ń sọ orúkọ ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ di pupa? Kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Bí CSS tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ìwé ayélujára lọ́ṣọ̀ọ́ ló ṣe rí: mo fún ìlà náà ní class, ìyẹn orúkọ àmì kan, mo so class mọ́ ọjọ́ gbèsè, style ló ń kùn ún. Lọ́jọ́ tí pupa yẹn kọ́kọ́ yọ, mo pariwo!

Èyí tó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni Hidden, tí WPF fi ń pa nǹkan mọ́ láìgba àyè rẹ̀. Bọ́tìnì tí o fi pamọ́ tí àyè rẹ̀ ṣì ń dúró, IsVisible tí Avalonia ń lò kì í fi àyè kankan sílẹ̀ fún un. "San owó" bá sún sí ibi tí "Tẹ rìsíìtì" máa ń wà, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ màmá akọ̀wé ti mọ́ láti ọdún yìí wá. Mo sọ Opacity bọ́tìnì tó pamọ́ náà di 0 kó má baà hàn, mo sì sé e kí títẹ̀ má ràn án.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí mo kọ x:DataType, tó ń jẹ́ kí Avalonia yẹ orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan wò, sórí ojú-ìwé káàdì ọmọ ẹgbẹ́, ètò kọ̀ láti di kíkọ́ (build), ó ní òun ò mọ "FonuAjogun", àyè nọ́ńbà fóònù ajogún. "FoonuAjogun" ló wà nínú kóòdù C#, "o" kan ló jábọ́. WPF kàn ń fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo ni, ètò sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo bi màmá akọ̀wé. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fi báírò kọ ọ́ ni." Gbogbo káàdì, Àkànbí! Mi ò fi dá ọ lẹ́bi o. Èmi náà wo ojú-ìwé yẹn láìmọye ìgbà.

Àwọ̀ aró tí o mú lára àdìrẹ ìyá rẹ, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ìròyìn òpin ọdún ló kù. FlowDocument, ohun tí WPF fi ń to ìwé gígùn, lo fi kọ ọ́, Avalonia ò sì ní in. Bí ìwé tí o fi pẹ́ńsùlù ya á sí bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni,
Àlàó