Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ igbó ní igbó tí wọn yóò máa tọ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyíinì ni ẹ̀kọ́ ìṣàkóso igbó àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, iṣẹ́ igbó ni mo sì ṣe lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe àlejò láàrin wa. Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó tirẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó sì ti wà ní Jẹ́ríkò ní ìlú kan náà láti ọdún 1954. Àwọn yunifásítì Àkúrẹ́ àti Abẹ́òkúta náà ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí lónìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ni kò yàn án fúnra wọn: ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wọn ni kò tó, ni wọ́n bá tì wọ́n sọ́dọ̀ igi. Bí èmi náà ṣe débẹ̀ nìyẹn, bàbá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó yí ọkàn mi padà kò ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Olùkọ́ wa kó wa lọ sí igbó Gàm̀bàrí, ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ní kí a fi téèpù yí ara igi ọ̀gànwó kan po ní ìwọ̀n mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, níbi tó ṣe déédéé àyà ènìyàn. Láti inú ìwọ̀n yìí àti gíga igi náà ni a ti ṣírò bí gẹdú inú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ayùn. Bí a ti wọn ọ̀kan ni a wọn gbogbo igi tó wà nínú ilẹ̀ tí a fi okùn pààlà sí, a tún padà lọ wọ̀n wọ́n ní ọdún kejì, a sì rí bí wọ́n ti sanra sí. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ìṣàkóso igbó ti yé mi: kí a mọ iye tí igbó fi ń dàgbà lọ́dọọdún, kí a má sì gé ju iye náà lọ. Kò sí àgbẹ̀ gidi tí í se iṣu èbù rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi ojú ìrókò, apá àti ọ̀gànwó rí nìyẹn.

Iṣẹ́ yìí gùn ju ẹ̀mí ẹnì kan lọ. Igi gmelina tí wọ́n gbìn sínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti fi ṣe bébà lè tó gé láàrin ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin ìrókò lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò là á sí pákó. Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ kọ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni kẹta àti ẹni kẹrin. Kọmíṣọ́nnà ń lọ, òmíràn ń dé, fáìlì sì ń sọnù láàrin wọn. Yunifásítì kì í ṣí kúrò níbi tó wà.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ igbó mọ́. Kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa láti wá kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Mo rí ọmọ tó wà ní ọdún kẹrin tí kò tíì fi téèpù kan igi rí, nítorí pé ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà tó ti wọlé. Ọmọ náà mọ gbogbo orúkọ Látìn tí àwọn igi ń jẹ́, ó sì lè fi kọ̀ǹpútà ka àwòrán igbó tí sátẹ́láìtì yà, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí arère láàrin igi yòókù.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni igbó ọba, ìyẹn àwọn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wà, wọn kò sì jìnnà sí àwọn yunifásítì wa. Olókèméjì, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1899, wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Igbó ọba Àkúrẹ́ kò jìnnà sí ìlú Àkúrẹ́ rárá. Kí ìjọba gé ìpín kan nínú igbó wọ̀nyí fún yunifásítì tó bá sún mọ́ ọn, fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí gbogbo ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé máa wọn igi kan náà, kí wọ́n máa gbìn síbi tó bá ṣófo, kí owó igi tí wọ́n bá yọ láti fún àwọn yòókù láyè sì máa ra epo ọkọ̀, kó sì máa san owó àwọn olùṣọ́.

Kí wọ́n má ṣe lé àwọn àgbẹ̀ àyíká dànù o. Láyé ìgbà tí ètò taungya ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń gbin iṣu àti àgbàdo sáàrin igi kéékèèké, tí wọ́n ń tipa bẹ́ẹ̀ ro ìdí igi fún ìjọba, títí òjìji igi yóò fi bo ilẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fa igi tu kí wọ́n má bàa kúrò lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí òṣìṣẹ́ igbó bá ti ń dé déédéé, ìyẹn kì í wọ́pọ̀. Ṣíṣe déédéé yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, nítorí ọ̀wọ́ tuntun ń dé lọ́dọọdún.

Mo rọ àwọn kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ igbó wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n pe àwọn ọ̀gá yunifásítì jókòó kí òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀. Ọmọ tó bá gbin gmelina ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀ ní ọdún karùn-ún tó ń jáde, yóò ti ga ju òrùlé ilé lọ, ìwọ̀n rẹ̀ láti ọdún dé ọdún yóò sì wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ igbó tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.