Ìbò àwa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Agbẹ̀bí ni mí ní Gwagwalada níbí, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí, mo sì ti lo ọdún 19 ní Àbújá.

Ní Sátidé, 25 oṣù Kejì 2023, tí a dìbò yan Ààrẹ, iṣẹ́ àárọ̀ ni wọ́n kọ mí sí. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Aago méjì ni mo máa gbéṣẹ́ sílẹ̀, ibùdó ìdìbò mi kò sì jìnnà. Aago méjì ààbọ̀ ni ìdìbò máa parí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kó tó lù, wọ́n á jẹ́ kó dìbò. PVC mi wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́.

Aago méjì kọjá, ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò tíì dé. Ó pè mí: "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bọ̀, kò sí kéké kankan ní títì." Òótọ́ ló sọ, wọ́n ti ní kí ọkọ̀ má rìn. Ibi tí mo ti ń wo fèrèsé ni wọ́n ti gbé aboyún kan wọlé. Orí ìlà ìdìbò ni ìrọbí ti mú un, ó sì dúró títí ó fi tẹ̀ka kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Íńkì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ó di apá aṣọ mi mú, ó fi íńkì náà kùn ún pátá. Aago mẹ́ta kọjá kí a tó gbé ọmọ lé e láyà. Ọmọkùnrin làǹtì-lanti, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n a kì í dìbò gómìnà ní Àbújá. Nígbà tí àwọn ará ilé mi l'Ọ́ṣun ń dìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 18 oṣù Kẹta, èmi kò ní òmíràn láti dì.

Mo bi àwọn tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà léèrè. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, APC paraku ni. Ọmọkùnrin ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Labour Party ló ń pariwo rẹ̀ látàárọ̀. Màmá tó ń nulẹ̀, PDP ni láti 1999. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dìbò. Ẹ wá sọ fún mi, ẹgbẹ́ wo ló jèrè?

Ọlọ́pàá tó dúró ti àpótí ńkọ́? Àgùnbánirọ̀ tó gbé BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, lọ́wọ́ ńkọ́? Ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti forúkọ sílẹ̀. (Ọkọ mi ní èmi ni mi ò gba ìsinmi. Ta ni ì bá gbẹ̀bí, òun?)

Òfin ìdìbò tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní 25 oṣù Kejì 2022, ọdún kan géérégé sí ọjọ́ yẹn, kò ṣètò ìdìbò ṣáájú ọjọ́ fún irú wa. Bẹ́ẹ̀ àwọn aṣòfin lè jọ ṣe é tí wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù Keje 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní àfi kí NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, àti ilé aṣòfin fọwọ́ sí i kí INEC tó lè fi ẹ̀rọ fi èsì ìbò ránṣẹ́. Ariwo ta. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, wọ́n ti yí ohùn padà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé INEC lọ́wọ́.

Ní Gánà, àwọn agbófinró, òṣìṣẹ́ ìdìbò àti oníròyìn dìbò tiwọn ní 2 oṣù Kejìlá 2024, ó di ọjọ́ 7 kí àwọn yòókù tó dì. Àwọn kan á ní kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àpótí láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn. Mi ò bá wọn jà, Nàìjíríà là ń sọ. Ṣùgbọ́n ní Gánà wọ́n ń di àpótí pa, wọn kì í sì í kà á títí di ọjọ́ ìdìbò gan-an. Kí aṣojú gbogbo ẹgbẹ́ sùn tì í níbí tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì, dókítà àti panápaná kún tiwa.

Sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú-ṣòfin méjì péré ni Àbújá ní. Àwọn ni mo ń kọ èyí sí, kí wọ́n gbé àbá ìdìbò ṣáájú ọjọ́ yìí wọlé, kí wọ́n sì wá ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn láti bá wọn gbé e. Wọn ò ní wá a jìnnà. Ilé aṣòfin wo ni kò sí ẹni tó ní àbúrò nọ́ọ̀sì?

Aṣọ iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi Hypo bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú íńkì náà kò lọ tán.

Agbẹ̀bí kan,
Gwagwalada, Àbújá