Lẹ́tà Táàmù Yìí Sí Àwọn Òbí: Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dà Lápá Tàbí Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o.

Èsì ìdánwò wà nínú báàgì àwọn ọmọ, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì wa máa kọ́ àwọn kíláàsì àgbà ní táàmù yìí, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró tí ọgbẹ́ ńlá bá wà lápá tàbí lẹ́sẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, torí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá gé, èèyàn lè kú kí áńbúláǹsì tó dé. Nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ló wà lára àgbàlagbà, ọmọ tó wọn kílò 20 ò ní ju bíi lítà kan àbọ̀ lọ, èyí tó kéré lójú wa lè ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ ní kí ẹnìkan pe áńbúláǹsì, ẹ̀yin ẹ fi gílóòfù tàbí náílọ́ọ̀nù bọwọ́ tó bá wà nítòsí, ẹ fi aṣọ tó mọ́ lé ojú ọgbẹ́ gan-an, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọmọ náà lè máa ké pé ó ń dun òun, ẹ má torí ẹ̀ dẹwọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó ṣí aṣọ wò bóyá ó ti dá, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i wò! Tí aṣọ bá rin gbindin, òmíràn ni kí ẹ fi lé e lórí, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tí ìgò tàbí irin bá ṣì wà nínú ọgbẹ́, ẹ má fà á yọ o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ̀.

Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá gbọ́, ìgbà yẹn la tó ń lo tọ́níkéètì, ìyẹn ọ̀já fífẹ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà mọ́. Ẹ dì í sókè ọgbẹ́ ní bíi séntímítà 5 sí 7, kì í ṣe lórí oríkèé, ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀, ẹ fi títú rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà. Okùn tín-ín-rín tàbí wáyà ò dáa, ó máa ń gé ẹran ara.

Àwọn ọmọ á fẹ́ fi dánra wò nílé. Kí wọ́n máa fi aṣọ tẹ apá ara wọn ò burú, àmọ́ kí wọ́n di nǹkan mọ́ apá àbúrò wọn, ẹ má gbà á rárá.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì, ẹ kọ ọ́ sínú fóòmù tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, kí ẹ dá a padà lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé