Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Màámi, Bàbá Alágogo ní Kàdúná

Bàbá Alàgbà,

Ìjọ Christ Apostolic Church tiwa ní Kàdúná ń múra ayẹyẹ, wọ́n sì ní èmi ni kí n bá wọn kọ ìtàn ìjọ sínú ìwé ètò. Ojú ewé méjì péré. Akọ̀wé ìjọ ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ lo gbé lọ́dọ̀ Bàbá, ẹnu wọn lo ti gbọ́ ọ." Mo ní kò burú. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni mo pè é. Ó ti ń pẹ́ báyìí, akọ̀wé ti pè títí ó ti sú u, ojú ewé kìíní ló ṣì wà níwájú mi. Ẹ̀yin ni mo wá ń kọ̀wé sí.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ta ló jẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ fi pàṣán kọ́ ọ? Ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ máa ń ní ká dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ká kì í bí oríkì. Ọdún 1918, àrùn gágá tó ń gbẹ̀mí kárí ayé dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti Saint Saviour mélòó kan kó ara wọn jọ fún àdúrà, J. B. Shadare wà lára àwọn tó ṣáájú. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, Sophia Ọdúnlámì, ní Ẹ̀mí fi han òun pé omi òjò tí wọ́n bá gbàdúrà sí ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di 1922, wọ́n fi Áńgílíkà sílẹ̀. Wọn ò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́, wọn ò sì fẹ́ oògùn, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Ìwé tí wọ́n ń rí gbà láti ọ̀dọ̀ ìjọ kan ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló sọ wọ́n di Faith Tabernacle. Èmi ni mo máa ń ṣi Philadelphia pè tí gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà lẹ ó nà mí.

Tí a bá wá dé ọ̀dọ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ohùn yín á yí padà. Ọmọ Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán tiwa. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n bí i sí, pé kì í ṣe àwọn ará Ìbàdàn àti Iléṣà nìkan ló ni ín. Oṣù October ọdún 1928, ó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì, ẹ̀rọ náà ṣàdédé kú, ohùn kan sì pè é lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín tọ́jú ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ aṣọ ní Kákúrí, ibẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù. Ẹ á fi ọwọ́ tí gíríìsì ò tíì tán ní èékánná rẹ̀ lu tábìlì: "Ẹ̀rọ kì í dédé kú! Bó bá kú, ẹnì kan ló pa á!"

Lẹ́yìn náà ni July 1930, ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, níbi tí àwọn àgbà ìjọ ti ń ṣèpàdé lórí aáwọ̀ tó wà láàárín wọn. Ọmọ kan ti kú, Babalọlá gbàdúrà fún un, ó jí. Bí gbogbo ìlú ṣe tú síta gbọ́ agogo rẹ̀ nìyẹn. Ní 1932, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin, kò sì yí i lọ́kàn padà. Àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì ti wá láti Ìlú Ọba ní 1931, kínínì ló wá dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tiwa rí i pé àwọn tó ń wàásù ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́ ń gbé kínínì mì nítorí ibà. Wọ́n pínyà, a wá di Christ Apostolic Church, ìjọba sì fi orúkọ wa sínú ìwé ní 1943. I. B. Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé ìdajì ìdí tí ìjọ wa fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ ni hóró kínínì.

Gbogbo ìyẹn, mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́. Àwọn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ náà ò pẹ́ mi: Mẹ́talọ́kan, ìrònúpìwàdà, ìrìbọmi onítẹ̀bọmi (ẹ̀yin lẹ di imú mi mú nínú Odò Kàdúná, ẹ sì pẹ́ kí ẹ tó gbé mi jáde), baptisí Ẹ̀mí Mímọ́, ìdámẹ́wàá, bíbọ̀ Olúwa lẹ́ẹ̀kejì, ìwòsàn àtọ̀runwá. Ìgbà tí mo dé Kàdúná gan-an ni bírò kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Akọ̀wé fẹ́ kí n kọ ọ́ pé nígbà rògbòdìyàn ẹ̀sìn ti February 2000, Alàgbà wa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó yọ agogo ìjọ àti ìwé orúkọ ìjọ kúrò nínú iná. Òótọ́ ni. Mo wà nínú mọ́tò náà. Orí itan mi ni agogo náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Tudun Wada la wà. Àlhájì onílé wa dúró lẹ́nu géètì, ó ń fi Hausa bẹ àwọn ọmọ kan tó kó igi àti táyà dání pé kí wọ́n kọjá, kò sẹ́ni tí wọ́n ń wá níbí. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé dé pẹ̀lú Píjó 504 yín. Ẹ ti kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbohùngbohùn ìjọ wà nínú búùtù, aṣọ pẹpẹ àti ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wà lórí àga ẹ̀yìn. Màámi ti fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tú nọ́ọ̀tì tó de orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ tábìlì rẹ̀. Ó jáde nínú yàrá, ó gbá Singer náà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó fi áńkárá oníbàárà kan wé e. Okùn pupa ṣì wà lójú abẹ́rẹ́, ó ń fà á nílẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Àbúrò mi, ẹ̀mí là ń kó, a ò kó irin."

Màámi ò jiyàn. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó bu áńkárá náà bò ó dáadáa, ó wọlé sínú mọ́tò. Bí a ṣe ń lọ, ẹ gbé agogo lé mi lórí itan, ẹ ní kí n fi ọwọ́ di ahọ́n rẹ̀ mú kó má bàa dún.

Kí ni wọ́n fi rọ agogo, Bàbá? Ṣé kì í ṣe irin ni?

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, irun àgbọ̀n mi ti ń funfun, n kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Èèyàn kú lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà sin nínú wọn. Ó yẹ kójú ti mi pé maṣíìnì ni mò ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń tún ẹ̀rọ yẹn ṣe. Ní Sátidé, ẹ á tú u palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ẹ á da epo sí i lójú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ á máa yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ á tẹ́tí sí i. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ fún un ju ẹnikẹ́ni lọ. Àyè wà nínú mọ́tò yẹn. Ẹsẹ̀ mi ni mo nà.

Ìdí tí n kò fi lè bínú tán náà nìyí: ní bárékè tí a sá lọ, tí èèyàn pọ̀ bí eéṣú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kú, ẹ dìde ní ìdájí, ẹ lu agogo náà. Àwọn ọmọ ìjọ ń jáde láti abẹ́ igi, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ológun, wọ́n ń sunkún. Bàámi, tí a ti rò pé ó ti lọ, tó jẹ́ òdìkejì odò ni wàhálà ká a mọ́ níbi iṣẹ́, agogo ló gbọ́ tó fi rí wa. Ta ló máa wá jẹ́ ṣépè fún irú agogo bẹ́ẹ̀?

Wọ́n jó ilé náà. Màámi san owó aṣọ oníbàárà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó fi àkàrà àti kókó tó ń tà ní Sabon Tasha san án, àwọn míì ní kó má san án, ó san án. Gbogbo Kérésìmesì lẹ ń sọ pé ẹ ó ra òmíràn fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Kò rán yín létí rí. Ẹnikẹ́ni ní ilé wa ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ yín láìdáa létí rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ kú, ọdún 2022, wọ́n ti kọ lu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná lóṣù March, ọkọ̀ ojú irin ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú títì sì di ibi tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lọ́sàn-án gangan. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìgbà tó padà dé, wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀. Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi níbí ní Kubwa, ní Àbújá, ó ń bi mí pé, "Ṣé wọ́n lu agogo?" Mo ní wọ́n lù ú. N kò gbọ́ ọ.

Nígbà yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe fóònù ló ń wò, ẹ̀gbẹ́ fóònù ló ń wò. Glaucoma ni, àrùn tó ń mú ìríran lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù la lè dá dúró tó bá ń kán oògùn sójú lójoojúmọ́. Oògùn náà wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ láti Kubwa dé Wuse nìkan ń kó ìdààmú bá mi, onílé sì ti fi kún owó ilé. Síbẹ̀ mo ń rà á. Ó ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń dúpẹ́, ó ń tò ó sínú fíríìjì, kò sì kán an. Omi àdúrà ló fi ń bọ́jú. Ìyàwó mi, tó ti ń lọ sí ìjọ tiẹ̀ báyìí, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, ní kí n fipá kán an fún un. Ta ló ń fipá ṣí ojú ìyá rẹ̀?

Nínú ìjọ yín yẹn, dókítà wà, nọ́ọ̀sì wà, ìlà iwájú ni wọ́n ń jókòó. Kò sẹ́ni tó ń lé èèyàn nítorí ọsibítù mọ́. Gbólóhùn kan ni Màámi fi ń dá mi lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi ò fi hóró oògùn kan ẹnu títí wọ́n fi bọ́ sílẹ̀."

Bàbá, èmi àti ẹ̀yin mọ̀.

Ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́dọ̀ apòògùn ní Wuse, tó ń fi í rán dẹ́rẹ́bà sí Kàdúná lóṣooṣù, tó di í sínú páálí bísíkíìtì? Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Màámi. Mo pa á mọ́. N kò sì rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń lò ó, ó sì fi ọdún kún ọdún yín. Ohun tí n kò lè gbà ni pé ẹ jẹ́ kó gbà yín gbọ́ dé ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ò dé. Ẹ tún gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Rìsíìtì kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n kọ orúkọ yín sí gàdàgbà. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní ká wá, Màámi sì ti ní òun ò lọ. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà, n ó kà á sí i létí, torí kò lè kà á fúnra rẹ̀ mọ́. Ó lè sunkún. Ó lè ní irọ́ ni mo ń pa mọ́ òkú. Mo ti san ìdajì owó fún onítakisí, aago mẹ́fà ìdájí ló ní òun ń bọ̀.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò yín, ní Kubwa.