Irú ìkòkò ni kí a kọ́kọ́ bèèrè, kí a tó ra ààrò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìyá wa amọ̀kòkò. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọwọ́ bá ti ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ààrò ìsunkòkò tó ń lo iná mànàmáná ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, bí ẹni pé iná kan náà ni gbogbo ìkòkò ń fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orí ilẹ̀ gbalasa ni a ti ń sun àmù àti ìṣaasùn láti ayé àwọn baba wa, a sì ń rí i bẹ́ẹ̀ di òní ní Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa. Wọn a tò wọ́n léra, wọn a fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọn a sì ṣáná sí i. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900 dígírì Celsius, ṣùgbọ́n ó tó. Amọ̀ tí ooru rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 600 kò tíì di ìkòkò. Bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀, yóò padà di ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ Ifá ti sọ nípa àwọn orí tí Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí ẹ̀dá, kò sun jinná, tí òjò sì ń bó wọn lọ lójú ọ̀nà. Èyí tó bá jinná níwọ̀nba ní ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Ihò yìí ni omi ń gbà yọ sí ara àmù, tí atẹ́gùn fi ń fẹ́ ẹ gbẹ, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Òun náà ló ń jẹ́ kí ìṣaasùn lè jókòó lórí iná láìsán.

Bí a bá gbé irú amọ̀ pupa bẹ́ẹ̀ sínú ooru 1,200 dígírì, yóò wú, yóò sì tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ife àti àwo dídán, tó sì ní amọ̀ tó gbà á, ló nílò irú ooru yẹn. Kódà kò di dandan kí ó jẹ́ ti mànàmáná: igi ni wọ́n fi ń sun iṣẹ́ Ladi Kwali ní Súlèjà, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà.

Ohun tó ń dun àwọn amọ̀kòkò ni ìfọ́ àti owó igi. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ooru sì yára kọjá 100 dígírì, ọ̀rinrin tó kù nínú amọ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ìdí ìkòkò tó nípọn jù yóò sì bẹ́ dànù. Ààrò olódi roboto ló lè dènà irú èyí: iná ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ oníhò lókè rẹ̀, ìkòkò lórí ilẹ̀ náà, àpáàdì tí a fi bo òkè. Olùdáná lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná kékeré, kí ó sì máa kó igi sí i díẹ̀díẹ̀, ooru yóò sì la àárín ìkòkò kọjá kí ó tó jáde. Àwọn bíríkìlà wa lè fi amọ̀ àti iyanrìn mọ ọ́n.

Mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ọmọ bíbí ìlú tó fẹ́ ṣèrànwọ́ pé kí wọ́n kọ́ irú ààrò yìí kan sí ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, kí wọ́n ṣe òrùlé lé e nítorí òjò, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń sun ìkòkò fúnra wọn sọ bí ẹnu ọ̀nà iná yóò ti fẹ̀ tó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́